Ẹni Tó Kọ́kọ́ Jáde

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, obìnrin tó ni ìtàn yìí kò ní kí a bo orúkọ òun. Ó ní orúkọ tí òun ń jẹ́ lọ́jọ́ tí òun ṣe ohun tí òun ṣe náà ni kí a fi sọ ọ́. Táyé ni. Níléèwé, Albertine ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n nílùú Ìfọ̀nyìn, àlejò nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ti gbọ́ Táyé, ẹ ti mọ̀ pé Kẹ́hìndé ń bẹ lẹ́yìn. Ẹ sì mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a ń kọ́ nìyẹn. Táyé ló kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ló rán an. "Lọ bá mi tọ́ ayé wò," ni ẹ̀gbọ́n wí nínú lọ́hùn-ún. Àbúrò bá jáde, ó tọ́ ọ wò, ó ké. Igbe yẹn ni Kẹ́hìndé gbọ́ tó fi mọ̀ pé ayé ṣeé wá, ló bá rọra tẹ̀ lé e bí ìyàwó olówó.

Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ Táyé nínú rí. Bí wọ́n bá bu ẹran sínú àwo, Kẹ́hìndé ni yóò kọ́kọ́ mú. Bí omi bá tán nínú àmù, ìyá wọn, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ìbejì, yóò ní, "Táyé, lọ pọnmi. Ìwọ lo mọ̀nà, ìwọ lo kọ́kọ́ dé." Yóò rẹ́rìn-ín, Kẹ́hìndé náà yóò rẹ́rìn-ín. Táyé nìkan ni kì í rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Òun ló ṣáájú dé ayé, síbẹ̀ òun ni ìránṣẹ́.

Bàbá wọn, Ògúnrìndé, ti kú. Epo pupa ni ìyá wọn ń fọ̀ tó fi rán àwọn méjèèjì níléèwé. Láyé ìjọba Ìyípadà ni, nígbà tí ìpàdé kì í bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnìkan kígbe "Ehuzu!", ìyẹn ni pé nǹkan ti yí padà, kí gbogbo ilé sì dáhùn "Dandan!" Àwọn ìbejì yìí jọ lọ sí Àjàṣẹ́ láti ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì Kútọnù, wọ́n sì jọ yege. Máàkì wọn dọ́gba bí ojú wọn ṣe dọ́gba. Ìyá Ìbejì jó nídìí ọpọ́n epo títí ìró fi tú nídìí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kéèyàn yege jẹ́ ọ̀kan, kéèyàn rí bourse jẹ́ òmíràn. Bourse ni owó tí ìjọba ń fún akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì lóṣooṣù títí yóò fi parí. Òun ni yóò fi jẹun, òun ni yóò fi gba yàrá ní Kútọnù, òun ni yóò fi rán aṣọ funfun. Ọmọ ẹlẹ́po tí kò bá rí bourse, yóò kàn máa gbúròó ilé ẹ̀kọ́ náà lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní camarade Victorin, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ará Ìyípadà, yà sílé wọn. Òun ni wọ́n rán kó wá wo ilé àwọn tó yege. Ọmọ òkè Atakora lọ́hùn-ún ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí agbègbè wa. Kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" lọ, èyí ló sì fi kí Ìyá Ìbejì lọ́sàn-án gangan.

Ìyá Ìbejì wà nídìí ọpọ́n, epo dé e nígùnpá. Kẹ́hìndé wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá ìhá ẹyìn sóòrùn. Ọgbà imọ̀ ọ̀pẹ nìkan ló wà láàrin òun àti ibi tí àwọn yòókù wà. Táyé ló jókòó ti àlejò, Táyé ló sì ń ṣe ògbufọ̀.

"Bourse kò pọ̀ lọ́dún yìí," Victorin wí fún un lédè Faransé. "Ilé kan kò lè gba méjì kí ilé mìíràn má rí rárá. Máàkì yín sì dọ́gba. Donc, ẹ̀gbọ́n ni a máa fún, l'aînée. Bi màmá rẹ, èwo ni ẹ̀gbọ́n nínú yín?"

Táyé yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ìyá, wọ́n ní èwo ni ẹ̀gbọ́n nínú àwa méjèèjì?"

Ìyá Ìbejì kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Kẹ́hìndé ni. Ṣé wọn kì í bí ìbejì nílùú tiwọn ni?"

Ìdáhùn náà kò gùn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ lédè Faransé, mímí ẹ̀ẹ̀kan ló máa gbà á. Ṣùgbọ́n láàárín mímí ẹ̀ẹ̀kan yẹn, Táyé wo iwájú. Ó rí aṣọ funfun. Ó rí Kútọnù, ó rí iná ẹ̀lẹ́tíríkì, ó rí ara rẹ̀ tó ń bọ̀ wálé tí àwọn èèyàn ń dìde fún un. Lẹ́yìn náà ló rí Kẹ́hìndé nínú gbogbo rẹ̀, tí òun sì wà nídìí ọpọ́n epo níhìn-ín. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, ṣé Kẹ́hìndé ló tún máa kọ́kọ́ mú, àní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí náà?

Ó bá lanu.

"Elle dit que c'est moi qui suis sortie la première." Ìyẹn ni pé, ìyá mi ní èmi ni mo kọ́kọ́ jáde.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sílé ẹjọ́, wọn kò lè rí irọ́ nínú rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ jáde lóòótọ́. Ohun tí Táyé sọ fún ara rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, ó sì tún un sọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí a fi bo òótọ́ mìíràn mọ́lẹ̀, irọ́ ni, irọ́ tó wọ aṣọ àjọ̀dún.

"Voilà," Victorin wí, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "L'aînée, c'est toi. Mo bá ọ yọ̀, camarade."

Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó tún dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ènìyàn rere ni. "Àbúrò rẹ yẹn, má ṣe jẹ́ kó sọ̀rètí nù. Lọ́dún tó ń bọ̀, bourse mìíràn á tún jáde. Ọ́fíìsì mi wà ní Àjàṣẹ́, lójú ọ̀nà Kútọnù. Yà bá mi níbẹ̀, kí o sọ fún mi pé ó ṣì ń retí, màá fi sí i. Ìwọ lo wà níwájú. Ìwọ ni kó o pe ẹni tó wà lẹ́yìn."

Ó lọ. Ìyá Ìbejì béèrè pé kí ló wí.

"Wọ́n ní èmi ni wọ́n mú."

"Ìwọ? Kẹ́hìndé ńkọ́?"

"Wọ́n ní ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ìyá Ìbejì wò ó. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá sí ẹ̀yìnkùlé, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó padà, ó kàn ní, "Ó dáa." Kẹ́hìndé tẹ̀ lé e wọlé pẹ̀lú ìhá lórí irun, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mo gbọ́ pé o ń lọ," ó wí. "Lọ bá mi tọ́ ọ wò o."

Táyé rò pé ìyá wọn ló sọ fún un. Ó rò pé àwàdà àtọjọ́ ni.

*

Kútọnù dùn. Kí a má parọ́, ó dùn. Táyé àti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Scholastique, ọmọ Natitingou lókè Atakora, jọ gba yàrá. Bí oṣù bá parí, wọn á tò láti gba bourse, wọn á sì ra ìrẹsì àti ẹja. Ìgbà mìíràn wà tí bourse á pẹ́, tí wọn á máa fi gàrí ti ọjọ́. Ṣùgbọ́n bó pẹ́ títí, á jáde, wọn á sì gbàgbé ebi àná.

Nígbà tí Táyé kọ́kọ́ gbà á, ó lọ ra aṣọ. Àfi ìgbà tó délé tó tú u, ló rí i pé méjì lòun rà, ọ̀kan náà, aláwọ̀ aró tó ní òdòdó funfun. Ọwọ́ rẹ̀ ló rà á, kì í ṣe òun. Láti kékeré ni wọ́n ti ń ra nǹkan wọn ní méjì. Ẹ̀rù bà á. Ó fi ọ̀kan rán Ọ̀ṣẹ́nì sí Kẹ́hìndé. Awakọ̀ ni Ọ̀ṣẹ́nì, ọmọ Ìfọ̀nyìn, òun ló ń ná Kútọnù pẹ̀lú mọ́tò rẹ̀ tó ń wúkọ́ bí arúgbó.

Gbogbo ìgbà tí Ọ̀ṣẹ́nì bá dé ló máa ń jíṣẹ́ kan náà. "Kẹ́hìndé kí ọ. Ó ní kí n bi ọ́, ṣé ó dùn?"

Ọ̀rọ̀ yẹn a gún Táyé lọ́kàn bí ẹ̀gún. Ó rò pé Kẹ́hìndé ń bú òun ni. Kò sì sí ohun tí ẹni tó jalè kì í gbọ́ bí èébú. "Sọ fún un pé mo wà dáadáa," ni yóò fi fèsì. Kò jẹ́ sọ pé ó dùn láé.

Ọdún yípo. Àsìkò bourse tuntun dé. Táyé wọ mọ́tò Ọ̀ṣẹ́nì láti lọ kí ilé, wọ́n sì dé Àjàṣẹ́, mọ́tò dúró. Ó rí ọ́fíìsì náà, ó rí àsíá ìjọba lórí rẹ̀. Victorin wà nínú ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò tó gbólóhùn méjì ló kù.

"Ṣé kí n dúró dè ọ́?" Ọ̀ṣẹ́nì béèrè. "O ní o fẹ́ rí ẹnìkan níbí."

Táyé rò ó. Bí mo bá wọlé, á ní kí n mú un wá. Bí mo bá mú un wá, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ó máa dórí ta ni ẹ̀gbọ́n.

"Máa lọ," ó wí. "Ẹni náà kò sí nílé."

Ó délé, ó jókòó bí ẹni tó jókòó lórí iná, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ dáadáa tó fi padà. Kẹ́hìndé sìn ín dé ibùdókọ̀. Kò béèrè nǹkankan. Ó kàn ń wo ẹnu rẹ̀ ṣáá, bí ẹni tó ń retí kí ẹlòmíràn rántí ohun tó gbàgbé. Láti ìgbà yẹn, Táyé kò wálé mọ́. Bó bá di Kérésìmesì, á ní wọ́n ní kí àwọn wà ní ọsibítù. Bó bá di Àjíǹde, á ní ìdánwò ń bọ̀.

Ọdún kẹta ni wọ́n lé àwọn àjèjì kúrò ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá mọ Ìgòlò, ìlú bodè wa, nígbà yẹn kò jẹ́ gbàgbé. Èrò ń ya gba ẹnu bodè bí omi, ẹlòmíràn ru bẹ́ẹ̀dì, ẹlòmíràn gbé rédíò mọ́ àyà. Àwọn alárù kò rí ọwọ́ nu imú. Kẹ́hìndé wà lára wọn. Ó ti fi epo sílẹ̀, ó ń ru ẹrù fún àwọn tí wọ́n lé.

Ọ̀ṣẹ́nì bá dé Kútọnù. "Kẹ́hìndé ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ó tẹ ìṣó ní Ìgòlò. Ó ní kó o wá bá òun wò ó, ìwọ tí o ti di dókítà."

Ara Táyé gbóná. Ìwọ tí o ti di dókítà. "Ṣé kò sí nọ́ọ̀sì ní Ìfọ̀nyìn ni?"

"Wọ́n wà. Ìwọ ló ní òun fẹ́."

Táyé rò pé ọgbọ́n ni. Ó rò pé Kẹ́hìndé fẹ́ kí òun wálé kó lè kò òun lójú, kó sì ní, wá jẹ́wọ́. Ó di ṣúgà àti oògùn ara ríro sínú ìwé, ó ní kí Ọ̀ṣẹ́nì bá òun fún un. Ó ní òun á wá lópin ọ̀sẹ̀.

Ẹ gbọ́ o. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni olùkọ́ wọn ń kọ́ wọn ní tétanos. Ó ní ìṣó ìdọ̀tí ló ń fà á. Ó ní àgbọ̀n ló kọ́kọ́ ń há, ẹnu kò ní lè là mọ́, lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn á tẹ̀ bí ọrun. Ó ní abẹ́rẹ́ tó bá tètè dé lè gbà á là. Táyé gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ọjọ́ Sátidé kò jìnnà mọ́.

Sátidé dé, ó tún bá ara rẹ̀ wá àwáwí.

Nígbà tí Ọ̀ṣẹ́nì tún dé, kò fọn fèrè mọ́tò. Ó bọ́ fìlà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn. "Táyé, wọ́n ní kí n wá mú ọ. Kẹ́hìndé ti lọ ṣẹ́gi."

Scholastique ti kọ́ Yorùbá díẹ̀ lẹ́nu Táyé. Inú rẹ̀ dùn. "Ah, Dieu merci," ó wí, ó gbá Táyé lẹ́yìn. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yá nìyẹn, tó fi lè rìn lọ ṣẹ́gi."

Ta ló fẹ́ là á yé e? Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fẹnu wa sọ pé ìbejì kú. A máa ń ní ó lọ ṣẹ́gi nínú igbó ni. Táyé fa báàgì rẹ̀ jáde. Scholastique ṣì ń rẹ́rìn-ín sí i.

Kó tó délé, wọ́n ti sin ín. Aṣọ aláwọ̀ aró olódòdó funfun ni wọ́n fi sin ín. Ìyá Ìbejì ní Kẹ́hìndé kò wọ̀ ọ́ rí, pé ó máa ń ní ọjọ́ tí òun bá ń lọ Kútọnù lòun máa wọ̀ ọ́. Ìkejì aṣọ náà ló wà lọ́rùn Táyé bó ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò.

*

Táyé parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ bourse ìjọba, ibi tí ìjọba bá ní kó ti sìn ló gbọ́dọ̀ ti sìn, ilé ìwòsàn Ìfọ̀nyìn ni wọ́n sì gbé e sí. Ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé òun lọ síbòmíràn, wọ́n ní rárá.

Kì í ṣe pé iwin ń fà á láṣọ. Ìbá sàn. Ojú rẹ̀ ni ìṣòro. Bó bá fẹ́ dé fìlà nọ́ọ̀sì níwájú dígí, Kẹ́hìndé ló máa rí, tó dé fìlà funfun. Bó bá gba Ìgòlò kọjá, àwọn oníṣòwò ìhà kejì bodè tí wọn kò gbọ́ nǹkankan á pè é. "Kẹ́hìndé! Ṣé ẹsẹ̀ ti yá?" Ìgbà àkọ́kọ́, ó ní kì í ṣe òun. Lẹ́yìn náà, ó rẹ̀ ẹ́. "Ó ti yá," ni ó ń wí. "Ẹ ṣeun."

Nílé ńkọ́? Àwo méjì ni Ìyá Ìbejì ń bu oúnjẹ sí. Ó ní bí ẹni tó lọ ṣẹ́gi bá dé, ebi á máa pa á. Táyé á jókòó síwájú àwo kejì yẹn, á máa gbé òkèlè mì bí òkúta.

Victorin náà tún padà sí agbègbè wa. Ó fẹ́ Fúnláyọ̀, ọmọ àdúgbò wọn, ó sì ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti rí Táyé, á na ọwọ́ sókè. "L'aînée, ẹ káàárọ̀ o!" Àwọn èèyàn rò pé orúkọ ìrìbọmi ni. Táyé nìkan ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ tí kì í dà bí ìgbà tí wọ́n da omi tútù sí i lẹ́yìn.

Ọlọ́run wá fi ìbejì ta Fúnláyọ̀ lọ́rẹ. Ta ló gbẹ̀bí rẹ̀? Táyé ni. Èyí àkọ́kọ́ jáde, kò ké. Táyé nu imú rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kò ké. Òógùn bo Táyé. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i, ọmọ náà sì lanu, ó ké. Kò pẹ́, ìkejì tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ilé kún. Wọ́n fi Ìyá Ìbejì sí àárín, nítorí ẹni tó ti bí ìbejì rí ló máa ń súre fún ìyá ìbejì tuntun. Ó gbé ọmọ kan lé itan, Táyé gbé ìkejì. Victorin dìde, inú rẹ̀ dùn, ó sì fi Yorùbá rẹ̀ tó ń fì bí ọkọ̀ ojú omi sọ̀rọ̀.

"Bon. Èyí tó kọ́kọ́ jáde yìí, òun ni ẹ̀gbọ́n. Ó máa ṣe ìtọ́jú àbúrò rẹ̀, bíi ti L'aînée wa yìí."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. "Rárá o, bàbá ìbejì," Fúnláyọ̀ wí. "Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Ó rán Táyé ṣáájú ni."

"Kẹ́hìndé kẹ̀?" Victorin rẹ́rìn-ín. "Ẹ má tàn mí. Màmá fúnra wọn ló sọ fún mi. Lọ́jọ́ bourse, mo bi wọ́n, ta ni ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní Táyé. Ìdí tí mo fi fún un nìyẹn. Àbí, Màmá?"

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Ìbejì. Ọmọ orí itan Táyé wúwo lójijì. Ó wo ẹnu ìyá rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó kàn ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni péré, kí ọjọ́ lè kọjá.

Ìyá Ìbejì wo ọmọ tó wà lórí itan rẹ̀. "A kì í parọ́ ìbejì lójú ìbejì," ó wí. "Rárá, ọmọ mi. Kẹ́hìndé ni mo dárúkọ fún yín."

"Ṣùgbọ́n L'aînée ní..." Victorin wo Táyé. Kì í ṣe òmùgọ̀. "Ah bon," ó wí wẹ́rẹ́, ó sì jókòó.

Kò sẹ́ni tó bú u. Ìbá tún dáa kí wọ́n bú u. Obìnrin kan dìde láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rọra gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni tó gba abẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Táyé kúnlẹ̀ síbi tó wà.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí."

"Dìde," Ìyá Ìbejì wí. "Ká lọ sílé. Kì í ṣe ibí la ti ń sọ ìyókù."

*

Ìyókù! Táyé rò pé gbogbo rẹ̀ ti tán.

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá Ìbejì bu oúnjẹ sí àwo méjì bó ṣe máa ń ṣe. Ó jókòó. "O rò pé òní ni mo mọ̀?"

Táyé gbójú sókè.

"Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo mọ̀. Ṣé ìwọ nìkan lo gbọ́ Faransé nílé yìí ni? Kẹ́hìndé wà lẹ́yìn ọgbà imọ̀. Ó gbọ́ ohun tí mo sọ, ó gbọ́ ohun tí o fi túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo bá a lẹ́yìnkùlé, ó sọ ọ́ fún mi. Mo ní kí n sáré lé ọkùnrin náà, ó di aṣọ mi mú."

"Kí ló dé?"

"Ó ní, 'Ẹ fi í sílẹ̀, Ìyá. Ṣé èmi kọ́ ni mo rán an nígbà àkọ́kọ́? Ẹ jẹ́ kó lọ tọ́ ọ wò. Ọ̀gá yẹn ní bó bá pè mí lọ́dún tó ń bọ̀, èmi náà á lọ. Á pè mí. Níjọ́ kìíní pàá, ó ké, mo sì gbọ́.'"

Táyé ti àwo tirẹ̀ sẹ́yìn.

"Ó di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì kan. Bí Ọ̀ṣẹ́nì bá ti dé, á sáré lọ bá a. 'Kí ló wí? Ṣé ó ní ó dùn?' Ọ̀ṣẹ́nì á ní, ó ní òun wà dáadáa. Kẹ́hìndé á ní, 'Kò tíì ké nìyẹn. Ó kù díẹ̀.' Mo ní kí n wá bá ọ ní Kútọnù, ó kọ̀. Ó ní àbúrò ló ń ké, a kì í bá a ké e." Ìyá Ìbejì fi etí ìró nu ojú. "Nígbà tí àgbọ̀n rẹ̀ há, tí kò lè la ẹnu mọ́, ojú ọ̀nà ló kọjú sí."

Táyé wó lulẹ̀. Ó sunkún títí ohùn fi tán lọ́fun rẹ̀. Ó ń ní, "Kẹ́hìndé, ó dùn. Ó dùn, máa bọ̀." Àwo kejì wà níbẹ̀, oúnjẹ inú rẹ̀ tutù.

Táyé ní kí n sọ fún yín pé kì í ṣe bourse tí òun jí ló ń pa òun. Ó ní ẹni tó jí nǹkan lè dá a padà. Ó ní ohun tó ń pa òun ni ọ̀rọ̀ kékeré tí òun ò sọ ní Àjàṣẹ́, nígbà tí mọ́tò dúró tí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì sì ṣí sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ìjọba ń rán níléèwé lónìí, ẹ̀yin tí ojú yín ti là níwájú, ẹnìkan ń bẹ lẹ́yìn yín tó fún yín láyè kí ẹ tó kọjá. Bí ẹ bá ti dé ibi tó dùn, ẹ pè é. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú dí yín lọ́wọ́ àtipè é.

Mo lọ kí Táyé níbi iṣẹ́ láìpẹ́ yìí. Obìnrin kan láti Banigbé ń rọbí lọ́wọ́, ìbejì ló wà nínú rẹ̀. Èmi wà níta lábẹ́ fèrèsé. Nígbà tó pẹ́, mo gbọ́ pé ọ̀kan ti jáde, àmọ́ mi ò gbọ́ igbe. Ohùn Táyé nìkan ni mo ń gbọ́, ó ń gbọ̀n, ó ń bẹ ọmọ tuntun náà.

"Ké," ó ń wí. "Ké, ọmọ mi. Ẹni tó rán ọ ń gbọ́."